Bí Ẹ Ṣe Lè Fúnra Yín Ka Gbèdéke Ogúnléndé Tí Amẹ́ríkà Ń Kéde Lọ́dọọdún

Tó bá ti ń di ìparí oṣù kẹsàn-án, ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa: "Ìyá Tóbi, mélòó ni Amẹ́ríkà máa gbà lọ́dún yìí?" Iye ogúnléndé tí wọ́n máa gbà ni wọ́n ń béèrè, òun ni à ń pè ní gbèdéke. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ń tẹ ìwé, mo ń ṣe fótókọ́pì, mo ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti ń gbé Maiduguri, Damaturu àti Mubi kí ogun Boko Haram tó lé wa. Èmi náà wà lára wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, Maiduguri ni wọ́n bí mi sí, Monday Market ni bàbá mi ti ta aṣọ títí tó fi di arúgbó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lójú mi. Mo ń ka àwọn ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kéde nọ́ńbà náà bí wọ́n bá ṣe ń jáde, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí lè kà á fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí kò ní tà fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà. Kì í ṣe Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kì í sì í ṣe ẹ́ḿbásì wọn tó wà níbí ní Àbújá. Ààrẹ Amẹ́ríkà ló ni ín. Òfin Ogúnléndé ọdún 1980, tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta ọdún yẹn, ló gbé agbára náà lé ààrẹ lọ́wọ́. Kí òfin yẹn tó dé, àṣẹ pàjáwìrì ni ìjọba wọn fi ń kó èèyàn wọlé nígbàkigbà tí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀: àwọn ará Hungary lẹ́yìn 1956, àwọn ará Cuba, àwọn ará Vietnam lẹ́yìn tí Saigon ṣubú ní 1975. Ó sú àwọn aṣòfin pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí ni wọ́n ń gbọ́ sí i. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú òfin pé kí ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀, ààrẹ gbọ́dọ̀ fikùn lukùn pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìdájọ́ nílé aṣojúṣòfin àti nílé aṣòfin àgbà, lẹ́yìn náà ni kó wá kéde iye ogúnléndé tí orílẹ̀-èdè náà lè gbà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí òfin náà dákẹ́ lé lórí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí iye kan tó ní ààrẹ kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí iye kan tó ní kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kò ní kí àwọn aṣòfin dìbò sí i. Ó kàn ní kí ìdí tí wọ́n fi mú iye náà jẹ́ àánú ọmọ èèyàn tàbí àǹfààní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ààrẹ Obama fi lè kọ 110,000 fún ọdún 2017, tí Ààrẹ Trump sì fà á wálẹ̀ sí 50,000 kí ọdún náà tó parí, tí Ààrẹ Biden sì kọ 125,000 fún 2022, 2023, 2024 àti 2025. Òfin kan náà ni gbogbo wọn lò. Tí ẹ bá gbọ́ pé nọ́ńbà náà yí padà, ẹ má rò pé òfin ló yí padà. Ẹni tó jókòó sórí àga ló yàtọ̀, tàbí èrò ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ló ń da púpọ̀ nínú wa láàmú. Ọdún ìṣúná Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ó sì ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé "ọdún 2024", láti oṣù kẹwàá 2023 ni ọdún yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de oṣù kìíní kó tó wò ó ti pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ wá. Èyí gígùn ni ìròyìn tí ìjọba máa ń kọ sí àwọn aṣòfin kí wọ́n tó jọ jókòó. Òfin ní kí ó dé ọwọ́ wọn ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìjókòó náà. Nínú rẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ipò tí àwọn ogúnléndé wà, iye tí wọ́n fẹ́ gbà àti bí wọ́n ṣe fẹ́ pín in, ìnáwó tó máa gbà, ipa tí àwọn àlejò náà máa ní lórí ìlú, àti ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń ṣe. Ìròyìn yìí gùn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní sùúrù fún apá tó sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà, ẹ óò rí orúkọ àwọn ìlú àti àgọ́ tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìwé kejì ni ìpinnu ààrẹ gan-an. Lẹ́tà ni, ojú ewé rẹ̀ kò pọ̀, akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó máa ń jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba tó ń jẹ́ Federal Register, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì san kọ́bọ̀. Ẹ tẹ "Presidential Determination on Refugee Admissions" pẹ̀lú ọdún tí ẹ fẹ́, ó máa jáde.

Kí nọ́ńbà náà tó dé tábìlì ààrẹ, ọwọ́ púpọ̀ ti kàn án. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ UNHCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé, lórí iye èèyàn tó nílò ibòmíràn láti máa gbé. Iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé á sọ iye tí àwọn òṣìṣẹ́ òun lè fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Iléeṣẹ́ ìlera á ro ti ìtọ́jú àti ìrànwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ààrẹ ṣì lè mú iye tó wù ú.

Tí ẹ bá ti rí lẹ́tà náà, ẹ má wo àpapọ̀ kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ìpín ni kẹ́ ẹ wò. Fún ọdún 2023, bí wọ́n ṣe pín 125,000 nìyí: Áfíríkà 40,000, ìlà oòrùn Éṣíà 15,000, Yúróòpù àti àárín gbùngbùn Éṣíà 15,000, Látìn Amẹ́ríkà àti Kàríbíánì 15,000, Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn àti gúúsù Éṣíà 35,000, wọ́n sì fi 5,000 pamọ́ fún ibi tí àìní bá ti yọjú. 40,000 ti Áfíríkà yẹn, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà ló ni ín. Congo, Sudan, Somalia, Eritrea, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Congo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn. Kò sí ibi kankan tí wọ́n kọ "Nàìjíríà: iye báyìí" sí.

Nígbà mìíràn, wọn kì í fi ilẹ̀ pín in rárá. Lọ́dún 2020, gbèdéke wà ní 18,000, wọ́n sì fi irú èèyàn pín in: 5,000 fún àwọn tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nítorí ẹ̀sìn, 4,000 fún àwọn ará Iraq tó bá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, 1,500 fún El Salvador, Guatemala àti Honduras, 7,500 fún irú àwọn mìíràn kan tí lẹ́tà náà sọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò bá ti bọ́ sínú èyíkéyìí nínú àwọn ìpín wọ̀nyẹn kò ní àyè, bó ti wù kí ìyà rẹ̀ pọ̀ tó. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà wà. Nọ́ńbà ńlá pẹ̀lú ìpín tí kò kàn ọ́ kò wúlò fún ọ tó nọ́ńbà kékeré tí ìpín rẹ̀ kàn ọ́. Ẹ wo gbèdéke ọdún 2026, tí wọ́n gbé jáde ní ìparí oṣù kẹwàá 2025: 7,500 péré, èyí tó kéré jù láti ìgbà tí òfin náà ti wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn Afrikaner, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun tó ń sọ èdè Afrikaans, láti South Africa ni púpọ̀ jù nínú àyè náà wà fún. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kígbe pé wọn kò bá àwọn jókòó gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Nọ́ńbà náà jáde bẹ́ẹ̀ náà.

Ní báyìí, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ dáadáa, torí ohun tí wọ́n fi ń lu àwọn èèyàn wa ní jìbìtì ló kàn. Gbèdéke kì í ṣe ìlérí. Ẹni tó ra abọ́ 500 sílẹ̀ fún ìnáwó kò tíì se ìrẹsì kankan. Lọ́dún 2016, gbèdéke jẹ́ 85,000, àwọn tó wọlé sì jẹ́ 84,994, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Lọ́dún 2018, gbèdéke jẹ́ 45,000, bíi 22,500 ló wọlé. Lọ́dún 2021, lẹ́yìn tí Biden gbé e sókè sí 62,500, 11,411 péré ló dé. Lọ́dún 2022 tó jẹ́ 125,000, bíi 25,500 ni. Lọ́dún 2023, nọ́ńbà kan náà, bíi 60,000. Ìgbà tó di 2024 ni ó tó fi díẹ̀ kọjá 100,000.

Kí ló fà á? Èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe lẹ́tà. Òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Nairobi tàbí Kigali tàbí ibi tí àwọn ogúnléndé wà, kó jókòó ti ìdílé kọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí. Bí wọ́n bá dín àwọn òṣìṣẹ́ náà kù tàbí tí ìrìn àjò wọn dúró, ìlà dúró nìyẹn. Wọ́n á tẹ̀ka, wọ́n á yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ àwọn àjọ ààbò oríṣiríṣi, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ara. Èyí tó sì ń dun èèyàn jù ni pé gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí ní ọjọ́ tí wọ́n ń kú. Ti ara lè kú nígbà tí wọ́n ṣì ń dúró de ti ààbò. Wọ́n á tún ti ara ṣe, ti ààbò náà á tún kú. Ìdílé kan lè máa yí po bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé rárá fún wọn. Ó tún ku àwọn tó ń gba àlejò lọ́hùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ìjọ, ni ìjọba ń fún lówó lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá dé, kí wọ́n fi wá ilé fún un, kí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé. Nígbà tí nọ́ńbà já wálẹ̀ láàárín 2017 sí 2020, owó wọn gbẹ, wọ́n ti ọ́fíìsì, wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró. Àrùn kòrónà tún wá dá ìrìn àjò dúró ní oṣù kẹta 2020. Nígbà tí ààrẹ tuntun wá kọ 125,000, ta ni yóò gba wọ́n ní pápákọ̀? Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń wó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kíkọ́ rẹ̀ padà ń gba ọdún.

Nọ́ńbà náà tún lè yí padà láàárín ọdún. Òfin fún ààrẹ láyè láti fi kún un bí wàhálà tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2021, tí 15,000 fi di 62,500. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ńbà wà níbẹ̀ síbẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tì. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó dá gbogbo ètò náà dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27. Gbèdéke 125,000 ṣì wà nínú ìwé lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú sì padà sí àgọ́ pẹ̀lú ẹrù wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá ti ka lẹ́tà náà, ẹ tún béèrè bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ibo wá ni àwa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? N óò sọ ọ́ bó ṣe rí, torí mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan. Ogúnléndé nínú òfin ni ẹni tó ti kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹni tó sá kúrò ní Gwoza tó wá ń gbé àgọ́ ní Durumi tàbí Wassa níbí ní Àbújá kò tíì kọjá ẹnubodè, IDP ni ìjọba àti àwọn àjọ ń pè é. Ìyà kan náà ló jẹ wọ́n, bóyá ọjọ́ kan náà ni wọ́n sá, ṣùgbọ́n gbèdéke Amẹ́ríkà kò ka ẹni tó wà ní Durumi. Ìbátan rẹ̀ tó gba òkè Mandara sá wọ Kamẹrúùnù, tó wá bá ara rẹ̀ ní àgọ́ Minawao, tàbí ẹni tó sá gba Diffa wọ orílẹ̀-èdè Niger, àwọn yẹn ni òfin mọ̀ sí ogúnléndé. Òfin Amẹ́ríkà gba ààrẹ láyè láti dárúkọ àwọn orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ti lè gba èèyàn láì tíì jáde nílé. Cuba àti Iraq ti wà níbẹ̀ rí. Ó sì máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ́ḿbásì wọn bá fúnra rẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ lọ nítorí ewu àrà ọ̀tọ̀. Nínú gbogbo èyí tí mo kà, n kò rí orúkọ Nàìjíríà nínú ìlà yẹn.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ kà ọ́ mọ́ ogúnléndé, ìwọ kọ́ ni wàá gbé ìwé lọ. UNHCR ló sábà máa ń yan orúkọ, wọ́n sì máa ń mú àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù: obìnrin tó wà nínú ewu, ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, ẹni tí wọ́n dá lóró, aláìsàn tí kò lè rí ìtọ́jú níbi tó wà. Ní gbogbo àgbáyé, àwọn tó ń rí àyè bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ogúnléndé.

Bàbá kan tó ń ránṣọ ní Durumi gbé ìwé kan wá fún mi kí n bá òun ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Àwòrán ẹyẹ idì wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè Áfíríkà jẹ́ 40,000, àti pé àyè tirẹ̀ ni 31,806. Wọ́n ti gba owó àkọ́kọ́ lọ́wọ́ bàbá náà, wọ́n ní kó mú ìyókù wá kí wọ́n má baà fún ẹlòmíràn. 40,000 yẹn, òótọ́ ni. Ẹni tó ṣe ìwé náà ka lẹ́tà ààrẹ, ó gé nọ́ńbà gidi jáde nínú rẹ̀, ó fi so irọ́ mọ́lẹ̀. Mo ṣí lẹ́tà gidi sórí kọ̀ǹpútà, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín, wọn kì í pín in ní ẹyọ ẹyọ." Ó wò ó pẹ́, ó sì ní kí n má wulẹ̀ ṣe fótókọ́pì náà mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ara yín: kò sí àyè tí wọ́n ń tà. UNHCR kì í gba owó, fọ́ọ̀mù kò ní owó, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò ní owó. Owó kan tó wà nínú ètò náà ni ti ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n máa ń yá ogúnléndé láì gba èlé, tí á sì máa san díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ ní Àbújá, olè ni.

Tí ẹ bá fẹ́ wo ti ibòmíràn: ní Kánádà, mínísítà ló ń gbé ètò iye àlejò wá síwájú ilé aṣòfin kó tó kọjá ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ó sì máa ń ya àwọn tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń gbà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ìjọ àti àwọn aráàlú ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ọsirélíà gbé tiwọn sí 20,000, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ìṣúná 2023/2024.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo ìjọba ló ń ní gbèdéke. Àwọn tí wọ́n ń lọ mú wá láti ọ̀nà jíjìn nìkan ni wọ́n ń ka iye fún. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ẹnubodè tó ní kí wọ́n gba òun, òfin rẹ̀ yàtọ̀, ní Amẹ́ríkà pàápàá. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ogúnléndé tí OAU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, ṣe ní 1969, àdéhùn yẹn sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà síbi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Láti ìparí 2017 tí àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sá wọ Cross River, Benue àti Taraba, ẹnikẹ́ni kò jókòó ní Àbújá láti sọ pé iye báyìí ti tó. Àwọn ará abúlé gbà wọ́n kí ìwé tó dé. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí àwọn oníbàárà mi bá ń bú orílẹ̀-èdè wa.

Ẹni tó bá ní ìbátan ní Minawao tàbí ní Diffa, ẹ pè é lórí fóònù lónìí. Ẹ bi í bóyá àkọsílẹ̀ ìdílé rẹ̀ lọ́dọ̀ UNHCR pé. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n dé àgọ́, ṣé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀? Ẹni tó kú, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó yí nọ́ńbà fóònù padà, ṣé wọ́n ti lọ sọ? Bí iye ènìyàn inú fáìlì kò bá bá iye tó jókòó síwájú òṣìṣẹ́ mu, wọ́n á gbé fáìlì gbogbo ìdílé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì pe ẹlòmíràn. Ẹ ní kó mú ìwé ìbí ọmọ náà dání lọ sí ọ́fíìsì wọn nínú àgọ́, kó sì gba ìwé tuntun kó tó kúrò níbẹ̀.